Ẹ Má Fọ́ Ògiri Mi

Bí Silifatou bá ti ju òòlù kékeré rẹ̀ sínú àpò, tó wé gèlè mọ́rí gírígírí bí ẹni tó ń lọ jà, àwọn ayálégbé rẹ̀ ti mọ̀ pé oṣù mẹ́ta tún ti pé. Ilé mẹ́ta ló ní lẹ́yìn ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ olóògbé, Mouktar káfíńtà, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi igi ìrókò ṣe gbogbo ilẹ̀kùn wọn, nítorí náà kì í rán ẹnikẹ́ni lọ yẹ ilé wò. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi òòlù kan àwọn kàró tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀, kó, kó, kó, tí yóò dẹ etí kó lè mọ èyí tí abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri, yóò ṣí omi, yóò tì í, ohunkóhun tó bá sì bàjẹ́, yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé nìkan ni Silifatou ń wò ní tirẹ̀. Orúkọ yòówù kí ọmọ máa jẹ́, kò kàn án.

Nínú ilé kejì ni Aziz, tó ń kun ilé jẹun, àti ìyàwó rẹ̀ Bouchra ń gbé. Ní oṣù kìíní, ihò kan wà lára ògiri pálọ̀. Ayálégbé mìíràn ì bá fi àga dí i, kó sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bouchra sún àga kúrò fúnra rẹ̀, ó na ìka sí ihò náà.

“Ẹ kọ ọ́, Ìyá. Ẹ kọ ọjọ́ sí i.”

Silifatou kọ ọ́. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé ẹnì kan ń bá òun ṣọ́ ilé òun.

Ní oṣù kẹrin, agbada ìfọwọ́ ti là sí méjì, kàró mẹ́rin sì ti fọ́ ní balùwẹ̀. Bouchra tún mú un káàkiri. “Ẹ kọ èyí, Ìyá. Ẹ kọ èyí náà.” Ojú rẹ̀ òsì wú, eyín iwájú rẹ̀ kan ti lọ. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: Silifatou rí i. Kò fọ́jú. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya, a kì í dá sí i, ilé rẹ̀ ló sì ń dùn ún. Ó pe Aziz síta.

“Aziz, ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ ja ìjà yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò kàn mí. Ṣùgbọ́n ẹ má fọ́ ògiri mi! Ọjọ́ tí mo bá tún rí ihò kan níbí, ẹ ó kó jáde.”

Aziz dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Mo ti gbọ́, Ìyá. Ẹ ò ní rí i mọ́.”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu Silifatou lọ́jọ́ náà, orí ẹlòmíràn ló fọ́ sí.

Ní oṣù keje ló padà wá, oòrùn àárọ̀ ti ń mú. Aziz ṣílẹ̀kùn fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Ilé ń dán. Ògiri funfun láìní àbààwọ́n kan, agbada tuntun, kàró tuntun.

“Bouchra ńkọ́?”

“Ó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Avrankou.”

Silifatou bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kan kàró pálọ̀, ó kan ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n tì pa. Ó kúnlẹ̀, ó kan kàró ibẹ̀. Kó, kó, kó.

Láti inú yàrá ni nǹkan ti dáhùn. Kó. Kó. Kó.

Kàró tó ṣófo a máa dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dáni lóhùn. Silifatou gbójú sókè.

“Ta ló wà níbẹ̀?”

“Eku ni, Ìyá.”

“Ṣí i.”

“Ilé yín lẹ wá wò, ẹ sì ti wò ó.” Aziz fi ọwọ́ pa ògiri bí ọmọ iṣẹ́ tó ń retí ìyìn lẹ́nu ọ̀gá. “Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ibi tó fọ́. Ohun tí ẹ ní kí n ṣe gan-an ni mo ṣe.”

Silifatou gbìyànjú àtidìde, ó pariwo, “Bouchra!” Kò tíì pe orúkọ náà tán tí Aziz fi gbá a létí. Gèlè fò dànù. Aziz dì í lọ́rùn mú, ṣùgbọ́n kò lù ú níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ wọ́ ọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wọ́ ọ wá sí àárín pálọ̀ níbi tí kò sí ohun tó lè fọ́, kó tó di pé ó gbé ẹ̀ṣẹ́ sí i lẹ́nu. Ẹ̀ṣẹ́ kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu obìnrin náà, eyín rẹ̀ méjì sì bọ́ sórí kàró tó ń dán. Aziz gun orí àyà rẹ̀, ó fún un lọ́rùn. Ojú Silifatou ti ń ṣú lọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá òòlù tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Aziz ń wọ́ ọ.

Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ là á mọ́ orúnkún Aziz. Egungun dún kàù. Aziz ké, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Silifatou dìde lórí eékún, ó là á mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń kunlé, ìka mẹ́ta ló rún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé òòlù sókè orí rẹ̀. Inú ń bí i débi pé ó fẹ́ pa á, ì bá sì pa á lóòótọ́.

Kó. Kó.

Ìyẹn ló gba Aziz là.

“Kọ́kọ́rọ́ dà?”

Aziz tutọ́ sí i lójú. “Inú kànga ni mo jù ú sí. Ẹ lọ mú un.”

Silifatou wọ ilé ìdáná, ó gbé ọmọ odó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Mouktar fi ṣe ilẹ̀kùn yẹn, ó gbẹ́ ẹyẹ méjì sí i lára lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Silifatou fi ọwọ́ kan àwọn ẹyẹ náà lẹ́ẹ̀kan. “Mouktar, foríjì mí.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹyẹ kan là. Lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, àgádágodo fò, ilẹ̀kùn wó sínú.

Ilẹ̀ ni Bouchra wà, wọ́n fi aṣọ dí i lẹ́nu. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti yí sódì, egungun ń ti awọ láti inú. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, ó dúdú, kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kàn. Ọwọ́ òsì ló fi mú ṣíbí tó fi ń kan ilẹ̀. Silifatou yọ aṣọ náà lẹ́nu rẹ̀.

“Orí tìmùtìmù ló ti ń lù mí báyìí, Ìyá,” ni Bouchra wí. “Tìmùtìmù kì í fọ́.”

Silifatou bú sẹ́kún, ó ń sunkún, ó ń tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, títí Inoussa ọlọ́kadà ìtòsí fi gbọ́ ariwo, tó sì fo ọgbà wọlé. Òun àti àwọn aládùúgbò ló fi okùn di Aziz, tí wọ́n gbé Bouchra lọ sílé ìwòsàn.

Ọjọ́ kẹrin, Silifatou jókòó níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ètè rẹ̀ ṣì wú. Ọlọ́pàá náà ní Aziz sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, pé Èṣù ló ti òun.

Silifatou ṣí ìwé rẹ̀. “Ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní: ihò lára ògiri. Orí Bouchra nìyẹn. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin: agbada ìfọwọ́. Eyín rẹ̀. Kàró mẹ́rin: ẹ̀yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ wọ́n. Èmi rò pé ilé ló ń bá mi ṣọ́.”

Ọlọ́pàá ń kọ ọ́ lọ. “Oṣù keje ńkọ́, Ìyá?”

“Ní oṣù keje, kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ilé.”

Kálàmù ọlọ́pàá dúró.

“Èmi ni mo sọ fún un pé kó má fọ́ ògiri mi,” ni Silifatou wí. “Kọ ìyẹn náà.”

“Ìyá, ìyẹn ò pọn dandan.”

“Mo ní kí o kọ ọ́, ọmọ mi. Kọ ọjọ́ sí i.”