Ògiri Tí A Kò Gbọdọ̀ Wò

Lẹ́yìn tí Àlájì Mọ̀núrù, láńlọ́ọ̀dù wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lọ sí ìpàdé àṣàrò kan nítòsí Igbosere, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wo ògiri yàrá ìyá mi mọ́.

Ògiri náà ti lanu láti òkè délẹ̀. Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni ibùsùn ìyá mi wà, nítorí yàrá náà kò fẹ̀. Mo bẹ Àlájì kí ó pe bíríkìlà.

"Ganiat, o ò tíì lajú," ló wí. "Físíìsì kúántọ̀ọ̀mù ti fi hàn pé nǹkan kì í pinnu ohun tó máa jẹ́ títí èèyàn á fi wò ó. Wíwò tí ẹ̀ ń wò ó ló ń bà á jẹ́. Ẹ dijú, ẹ fọkàn balẹ̀, yóò pinnu láti dúró."

Ó fi aṣọ bo ògiri. Ó lé àwọn aláǹgbá inú rẹ̀, torí pé àwọn náà lójú. Nígbà tí ewúrẹ́ Ìyá Àdíját, aládùúgbò wa, ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, Àlájì rọra yí orí ewúrẹ́ náà síbòmíràn, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíṣà Àkàndé, ayálégbé tó ń kọ́ni ní físíìsì, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Àlájì, èmi náà máa ń ṣàṣàrò láàárọ̀, ó ń tù mí lára. Ṣùgbọ́n nípa àwọn èérún tí ojú ò lè rí ni ẹ̀kọ́ yẹn ń sọ. Wíwò tí wọ́n ń wí, ẹ̀rọ ló ń ṣe é, kì í ṣe ọkàn yín. Ògiri ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ dijú."

"Tíṣà, ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré."

"Simẹ́ńtì ló kéré, sà!"

Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, mo mú ìyá mi lọ sí yàrá Àlájì, mo kúnlẹ̀. "Àlájì, ọkàn ìyá mi kì í balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ bá wa jókòó ti ògiri títí òjò á fi dá."

Gbogbo ará ilé ti pé, ojú sì tì í láti kọ̀. Ó lọ jókòó lẹ́bàá ògiri, ó dijú. Òjò dé. Lẹ́nu ọ̀nà tí mo dúró sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ìlú kan wà níbì kan tí ògiri ti ń gbọ́ràn, tí òrùlé ń dáhùn bí a bá kí i. Yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bọ́ sórí fìlà Àlájì. Kò mira. Òmíràn bọ́. Ó la ojú kan.

"Ẹ ti wò ó o!" ni gbogbo wa kígbe.

"N ò wò ó! Mo kàn yọjú ni!"

Ó ti ń sáré kó tó sọ ọ́ tán. Bó ṣe fò jáde báyìí ni ògiri wó, gbì! sórí ibùsùn.

Eruku bo gbogbo wa. Láti inú yàrá Àlájì, níbi tó ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ìyá mi pè mí. "Ganiat, sọ fún Àlájì pé ibí ni mo máa wà títí bíríkìlà á fi parí iṣẹ́."

Àlájì gbọn yẹ̀pẹ̀ fìlà rẹ̀ dànù, ó wọ bàtà, ó sì jáde sínú òjò lọ wá bíríkìlà.