Fèrèsé Tó Kọjú sí Àgbàlá Ládélé

Safinat fẹ́ èémí sínú ọ̀pá oníke tí wọ́n fi ń wọn èémí ní ọsibítù títí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀. Dókítà Ìbíyínká, ọmọdébìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbígbẹ̀yìn Safinat lọ, ní kí ìyá tún un fẹ́, kí wọ́n má ṣẹ́ èémí kankan kù sínú. Safinat tún un fẹ́. Ohun tó jáde kò tó èyí tí èèyàn fi ń pa àbẹ́là.

Abdulwaheed, ọkọ rẹ̀, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé fìlà lé orúnkún. Ọdún kẹfà rèé tí ikọ́ ti ń jí Safinat ṣáájú ìrun àsùbáà, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń dí i lọ́fun, tí àyà rẹ̀ ń súfèé bó bá ti gbé garawa omi. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife, wọn kò bá a. Wọ́n lo àgbo títí, wọ́n ní ara àgbà ló dé. Ní báyìí, ó ti rù hangogo, ètè rẹ̀ ti ń dúdú, ó sì ń ká ètè náà jọ kó tó mí síta, bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná.

"Ta ló ń mu sìgá nínú ilé?" Dókítà bèèrè.

Inú bí Abdulwaheed. Ó ní sìgá kò kan ètè òun rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Dókítà kò bá a jiyàn. Ó kàn yíjú sí Safinat, ó bi í pé ibo ló ti ń dáná.

"Inú kíṣìnnì ni," Safinat dáhùn, ó dúró gba èémí. "Gàrí ni mò ń yan. Igi ni mo fi ń dáná."

"Fèrèsé mélòó ló wà níbẹ̀, mà?"

Safinat wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló mọ ìdáhùn, nítorí bíríkìlà ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì dí fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

Ọdún kejìlélógún rèé. Òun àti Ládélé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, ló jà nítorí ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Fèrèsé kíṣìnnì sì rèé, àgbàlá Ládélé ló kọjú sí. Abdulwaheed po símẹ́ńtì, ó to búlọ́ọ̀kù, ó rẹ́ ẹ pa. Ó ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni, Ládélé kò ní fojú kan ọbẹ̀ òun mọ́, ìyàwó òun kò sì gbọdọ̀ tẹ àgbàlá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Safinat sọ pé èéfín ń yọ òun lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ bi í pé obìnrin wo ni èéfín kì í ta lójú.

Nígbà tí Dókítà gbọ́ pé kò sí fèrèsé, ó ní èéfín ló ba ẹ̀dọ̀fóró ìyá jẹ́, kò sì ní padà bọ̀ sípò mọ́. Òògùn wà tí ìyá yóò máa fà sínú láti ẹnu, tí èémí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀, àmọ́ èéfín gbọ́dọ̀ tán lọ́rọ̀ rẹ̀ lónìí. Abdulwaheed bèèrè pé bí àwọn bá ti tètè wá ńkọ́. Dókítà ń kọ̀wé rẹ̀ lọ.

Nínú ọkọ̀ láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, òwe kan ń sọ sí Abdulwaheed lọ́kàn. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, bó pẹ́ bó yá, á rú jáde. Tirẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ó ti dí i pa, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń fà á símú láti ọjọ́ yìí wá. Ó dùn ún dé egungun.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gòkè dé ilé wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Safinat dúró, tó fọwọ́ lé orúnkún. Bí wọ́n ti délé, Abdulwaheed kò bọ́ aṣọ òde, ó wá hámà rẹ̀ jáde, ó wọ kíṣìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ògiri tó fi dí fèrèsé. Kò tíì lù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún tí eruku fi gba gbogbo ibẹ̀. Safinat, tó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, bú sí ikọ́, ó di férémù ìlẹ̀kùn mú.

"Bàbá Ashraf, ẹ dúró kí n jáde ná."

Ó jáde. Ọkọ rẹ̀ rò pé iwájú ilé ló lọ. Ó ń lu ògiri lọ títí búlọ́ọ̀kù kan fi jábọ́, èkejì tẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé. Ó nu ojú, ó yọjú sí àgbàlá Ládélé. Igi ọsàn tí kò ga ju orúnkún lọ nígbà tó dí fèrèsé ti di igi ńlá. Abẹ́ rẹ̀ ni Safinat jókòó sí, lórí àga Ládélé. Ládélé alára, tó ti hewú, dúró tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Èémí Safinat ti ń rọlẹ̀.

Abdulwaheed kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ikọ́ ìyàwó wa," Ládélé ní. "Mi ò mọ ojú tí màá fi wá ni."

Abdulwaheed gbé hámà sílẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ yọ búlọ́ọ̀kù tó kù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí eruku má baà dé ọ̀dọ̀ wọn.