Ìran Tí Jésùtọ́pẹ́ Rí

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti sú Jésùtọ́pẹ́ pátápátá. Bí ọbẹ̀ bá jóná, Jésùtọ́pẹ́ ni. Bí òjò bá pa kòkó tí Barnabas, ọkọ ìyá rẹ̀, sá sí àgbàlá wọn ní Omifunfun, Jésùtọ́pẹ́ náà ni. Ṣé òun ló ń rọ òjò ni? Lóòótọ́, a máa sá nílé ìwé lọ wo ọkọ̀ akẹ́rù, a sì máa purọ́ bí ẹní mumi. Ọmọ wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Kàkà kí wọ́n nà án kó tán síbẹ̀, Olútóyìn, ìyá rẹ̀, wọ́ ọ lọ sí ilé àdúrà ní Òrè. Aríran kan ní ẹ̀mí àìgbọràn ń bẹ lára rẹ̀, kí ó máa gbé inú ọgbà ìjọ títí Ẹ̀mí Mímọ́ yóò fi ní ó tó. Ìyá rẹ̀ ní kò ní í pẹ́. Kò ní í pẹ́ wo? Wọ́n ká kòkó tán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba kọ́ọ̀pù tí ìjọba pín fún òmìnira nílé ìwé, òun ṣì ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń gbààwẹ̀ lórí ohun tí kò yé e.

Bí ìyá rẹ̀ bá wá lọ́jọ́ Ìsinmi, á fún un ní mọ́ínmọ́ín. “Ẹ̀mí ò tíì sọ̀rọ̀, ọkọ mi. Ṣe sùúrù.”

Sùúrù ọ̀hún tán. Jésùtọ́pẹ́ ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹni tó bá ríran á gbọ̀n, á kígbe, á jíṣẹ́. Bí ẹni tí wọ́n ríran sí bá ti ṣe àmín, ó gbà á nìyẹn, kò sí ẹni tó lè yí i padà mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, láàárín orin, ó fò sókè, ó ṣubú lulẹ̀.

“Báyìí ni Olúwa wí! Ẹ̀mí náà ti jáde! Kí ìyá mú ọmọ rẹ̀ relé lónìí!”

Wòlíì Adégbóyè, olórí ilé àdúrà náà, mọ irọ́ bó bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bíbọ́ ọmọ náà ti sú òun náà. “Ìyá Jésùtọ́pẹ́, ẹ ti gbọ́. Ẹ ṣe àmín, kí ẹ máa mú un lọ.”

Gbogbo ìjọ yíjú sí Olútóyìn. Ó tẹjú mọ́lẹ̀.

“Bàbá, ẹ bá mi bi Olúwa bóyá Ó ti sọ ọ́ fún Barnabas. Barnabas ló ní bí ọmọ náà bá wọlé, kí n jáde.”

Jésùtọ́pẹ́ dìde, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù.

“Màámi, ẹ ò bá ti sọ fún mi láti ọjọ́ yìí,” ó ní. “Gbogbo ààwẹ̀ tí mo gbà ńkọ́?”