Waya Kejì Ló Rán Wọn Ṣáájú

Ọ̀sán àná ni mo lá àlá yìí, orí páálí ni mo sùn sí lábẹ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Ọ̀kadà ni mò ń tún ṣe, ẹ̀yin náà mọ̀, pọ́lọ́ọ̀gì kan ṣoṣo tó ń tanná sí epo ló sì wà lára ọ̀kadà. Ni Bàbá Adéògún tó kọ́ mi níléèwé bá gbé mọ́tò wọn wá, wọ́n ní ó ń wúkọ́. Ojú tì mí láti sọ fún tíṣà mi pé n kò mọ mọ́tò tún ṣe. Mo fa waya pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sàmì sí ọ̀kankan. Nígbà tí mo fẹ́ dá wọn padà, mo tò wọ́n bí ọmọ ìyá ṣe ń tò: kìíní, kejì, kẹta, kẹrin. Mọ́tò yìnbọn gbàù, ó kú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá fẹ́ gbé ìyàwó wọn lọ sí Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ ojú. Oṣù márùn-ún ni wọ́n ti ń retí ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí títí oorun fi gbé mi lọ.

Ni bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ṣí, ó di àtẹ̀gùn. Mo gùn ún dé ọ́fíìsì kan tó léfòó sókè igi máńgòrò. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Waya mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wọ táì sì wà nídìí tábìlì.

Ó ní, "Fọ́ọ̀mù ẹ dà?"

Mo ní, "N kò ní, ọ̀gá."

"Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì yìí ni wọ́n ti ń gbà á."

Mo wọ inú dúrọ́ọ̀. Ìyá mi, tó ti kú, ló ń pín ẹja níbẹ̀. Inú mi dùn pé mo rí i, àmọ́ ẹja ló gbájú mọ́. Àwọn waya ti tò sí iwájú ẹ̀. Ó fún kìíní, ó fún kẹta, ó fún kẹrin.

Mo ní, "Háà, Ìyá mi, ẹ fo ẹ̀gbọ́n!"

Waya kejì fúnra ẹ̀ ló jágbe mọ́ mi: "Ta ló fò mí? Èmi ni mo rán wọn ṣáájú! Ṣebí Kẹ́hìndé ló ń rán Táíwò kó lọ tọ́ ayé wò? Bí wọ́n bá ti tanná tán, èmi náà á tàn. Ta ló ní kó o máa tì mí síwájú?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó lè bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti di ewúrẹ́, táì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́: kìíní, kẹta, kẹrin, kejì."

Ó ní, "Orí páálí là ń kọ ọ́ sí, ebi sì ń pa mí." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ páálí náà.

Nígbà tí mo lajú, ewúrẹ́ kan ń jẹ páálí tí mo sùn lé, ó ti jẹ ẹ́ dé etí mi. N kò lé e. Mo dìde, mo nu orí àwọn waya, mo tò wọ́n: kìíní, kẹta, kẹrin, kejì. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò dáhùn wẹ́rẹ́, kò wúkọ́ mọ́.

Bàbá Adéògún di ìyàwó wọn lọ́wọ́ mú jáde. Mo yíjú sí ewúrẹ́, mo tẹrí ba.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Màmá tí ojú ń dùn béèrè pé, "Múfú, ta lò ń kí yẹn?"

Mo ní, "Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ni, mà."