Ọ̀dà Tí Kò Tíì Gbẹ

Èmi Dúródọlá, mi ò kì í wo fọ́tò yàwòrán. Ẹni tó bá fẹ́ kí n ya òun, kó wá jókòó síwájú mi, kí n rí bó ṣe ń mí, kí n rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sí i lójú. Àwọn ọlọ́lá inú ẹ́síteètì VGC ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á na fóònù sí mi: "Àǹtí, ẹ kàn máa wo eléyìí, ẹ yà á." Èmi náà á na fóònù wọn padà sí wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Thomas Estate fi ń sọ pé ayàwòrán yẹn mọ iṣẹ́ o, ẹnu ẹ̀ ló korò. Wọn ò purọ́ mọ́ mi.

Ohun kejì tí mi ò gbà ni kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò kì í kánjú. Ojú ẹ̀ lè gbẹ kí inú ẹ̀ ṣì tutù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo ti lé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jáde nílé mi rí nítorí ìka kan péré tó tì bọ iṣẹ́ mi.

Màmá Fàúsátù ló máa ń gbé ẹja yíyan wá fún mi láti Addo. Ìdílé apẹja ni wọ́n, wọ́n ti wà létí ọ̀sà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ́síteètì. Màmá ti dàgbà gan-an, àmọ́ ọrùn wọn ṣì gún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sí fàráńdà mi kí wọ́n lè sinmi díẹ̀, oòrùn sì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

Mo ní, "Màmá, ẹ má mira o!"

"Ejò ni?"

"Rárá o. Ojú yín ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá jókòó fún mi láràárọ̀ kí oòrùn tó mú. Wọ́n mọ̀ ọ́n jókòó ju àwọn ọ̀dọ́ tí mo ti ń yà lọ. Ọwọ́ wọn á dúró sórí itan, èjìká wọn ò ní yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí géètì bá ti dún báyìí, ojú wọn ti lọ nìyẹn. Ì báà ṣe alómi, ì báà ṣe atẹ́gùn lásán, wọ́n á ti yíjú sí i.

Ó sú mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kẹ́ ẹ máa wò. Ta lẹ̀ ń retí gan-an?"

"Má bínú, ọmọ mi. Ó ti mọ́ mi lára ni. Sìkírátù àbúrò mi ni. Àwa méjèèjì ló kù nínú ọmọ ìyá wa."

Wọ́n wá rò ó fún mi. Nígbà tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀, iwájú ilé ìyá wọn bọ́ sójú ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni sàréè ìyá náà wà. Àwọn tó ń ṣe títì dá ọjọ́ tí katakata máa wá wó ibẹ̀ fún wọn. Sìkírátù ti lọ ra aṣọ ní Kútọnu. Màmá pe Àáfà, wọ́n hú ìyá náà, wọ́n gbé e lọ tún sin sẹ́yìn ilé Màmá ní Addo. Nígbà tí Sìkírátù máa fi dé, ihò ló bá.

"Ó dúró síta géètì mi, ó ní, 'Ẹ hú ìyá mi láìpè mí? Mo fi Ọlọ́run búra, ọjọ́ tí ẹ bá kú ni mo máa tó wọ ilé yín.' Pẹ̀lú gbogbo ìbínú yẹn, kò gbàgbé 'ẹ' o. Mo kọ́ ọ dáadáa."

"Ṣé ẹ lè dúró dè é nígbà yẹn ni?"

"Ó ti ránṣẹ́ pé lọ́jọ́ kejì lòun ń bọ̀. Katakata náà ò tiẹ̀ dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Mo lè dúró. Mi ò dúró ni."

"Ẹ ò sì lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n òun ti búra. Ìmáàmù ní kó gbààwẹ̀ kó fi tú u, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé tó ń tú ọ̀rọ̀ ẹnu òun. Ó wà ní oríta Ajah níbẹ̀ yẹn, ó ń ta aṣọ. Títí dòní, kò tíì fojú kan sàréè ìyá wa, torí inú ọgbà mi ló wà." Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí n kú tán kó tó wá. Ta ló máa wá bá sọ̀rọ̀?"

Àánú wọn ṣe mí dé egungun. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì. Mi ò bá ojú wọn jà mọ́. Bó ṣe ń retí ni mo ṣe yà á.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ọ̀dà. Ìgbà wo ló máa gbẹ? Bí ènìyàn bá fẹ́ gbé e jáde kó tó gbẹ ńkọ́? Inú mi ń dùn pé àgbàlagbà fẹ́ mọ iṣẹ́ mi, mo ń ṣàlàyé bíi tíṣà. Nígbà tí mo parí àwòrán náà, wọ́n dúró níwájú ẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ó jọ mí. Kò ṣeé fi aṣọ bò?"

"Kò ṣeé bò, Màmá. Aṣọ á lẹ̀ mọ́ ọn."

"Kò ṣeé dojú ẹ̀ délẹ̀?"

"Màmá!"

"Mo kàn ń bèèrè ni. Ó dáa. Mo fẹ́ gbé e délé lónìí, káwọn ènìyàn mi rí i. Màá dá a padà."

Mo kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí ìbàdí ń ro àwọn lórí àga mi, àwọn ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo gbà fún wọn. Sùlè ọmọ wọn gbé mọ́tò dé, àwòrán ò wọ̀ ọ́. Màmá ní, "Sùlè á gbé mi gba ọ̀nà inú. Ìwọ wá Márúwá kan, kí ẹ gba oríta Ajah, ọ̀nà ibẹ̀ ló tẹ́jú. Kó máa rọra o, kó má lọ já bọ́."

A so ó mọ́ ẹ̀yìn Márúwá, ojú ẹ̀ sí ìta. Mo jókòó sínú, mo na ọwọ́ sẹ́yìn di igi ẹ̀ mú. A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi rí i pé àwọn ènìyàn ń wò wá. Bàbá kan ṣí fìlà. Àwọn obìnrin méjì gbé ọwọ́ lé àyà. Kọndọ́kítọ̀ kan tó ń pariwo rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tá a kọjá. Mo wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Mo ní, ẹ ò rí i, àwọn ará Ajah mọyì iṣẹ́ ọwọ́ ju àwọn onífóònù yẹn lọ! Nígbà tá a dé oríta, obìnrin kan ké sí wa pé ta nìyẹn. Èmi ni mo yọrí, tí mo dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀: "Màmá Fàúsátù ni, ìyá Sùlè, ti Addo!" Obìnrin náà ká ọwọ́ lérí, ó sáré wọ àárín àwọn ìsọ̀. Mo rò pé ẹwà iṣẹ́ mi ló pọ̀ jù fún un.

Nígbà tá a dé Addo, Màmá ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ tó dáa. Wọ́n ní kí n gbé àwòrán náà sí fàráńdà, kó kọjú sí géètì, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Màmá wọ yàrá ìgbàlejò lọ, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Kò pẹ́ tí bàbá àdúgbò kan wọ ọgbà wá bá mi ní fàráńdà, fìlà lọ́wọ́.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á fi àlùjánnà kẹ́ ìyá."

"Ìyá wo, sà?"

Ó nàka sí iṣẹ́ mi. Ìgbà yẹn lojú mi tó là. Ìgbà wo làwọn ènìyàn ń gbé àwòrán ràgàjì arúgbó gba títì lójú gbangba? Ìgbà tí wọ́n bá ń lọ ṣe fìdáù rẹ̀ ni. Mo sáré wọlé.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ti kú!"

"Mo gbọ́. Jókòó, jẹ ẹ̀pà."

Mo wo ojú wọn. Àṣé gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀dà tí mo ń kọ́ wọn láti ọjọ́ yìí! "Màmá, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!"

"Èmi ò purọ́ fún ẹnì kankan. Àwòrán mi ni mo ní kó o gbé. Ṣé àwòrán mi kọ́ ni?"

Géètì dún gbàà. Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀pà.

"Ta ló sin ín?" Ohùn obìnrin ni, ó ti ha. "Ta ló sin ẹ̀gbọ́n mi láìpè mí? Ẹ̀ẹ̀kejì tẹ́ ẹ máa ṣe é fún mi rèé! Ẹ̀ẹ̀kejì!"

Mo yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin arúgbó kan dúró lẹ́nu géètì, ó wo ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé e, ó wọlé. Ó ń bọ̀ tìjàtìjà títí ó fi dé iwájú àwòrán náà. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ojú àwòrán mú. Èmi tí mo lé ẹ̀gbọ́n mi nítorí ìka kan, mo dúró, mo ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ń sunkún, "ẹ dìde. Ẹ dìde ká jà á tán."

Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Sìkírátù, rọra. Kò tíì gbẹ."

Ó wo ọwọ́ ẹ̀, ọ̀dà ló kún un. Ó wá gbójú sókè.

"Ẹ ò kú?"

"Mi ò tíì kú. Wọ́n ní mo kú, o sì wá. O ò yẹ ìbúra ẹ."

Ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ mọ́ Sìkírátù lẹ́nu. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀dà lu ìró Màmá: "Ẹ̀yin obìnrin yìí! Ẹ̀yin obìnrin yìí!" Màmá di ọwọ́ náà mú. Wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀ títí àwọn náà fi kúnlẹ̀ ti àbúrò wọn, àgbàlagbà bí wọ́n ṣe jẹ́.

"Mo lè dúró dè ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò dúró. Má bínú."

Sìkírátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Níbo lẹ gbé ìyá wa sí?"

Wọ́n fa ara wọn dìde, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Èmi àti Sùlè ò tẹ̀lé wọn.

Ojú àwòrán ti bàjẹ́ kọjá sísọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Màmá wá sí fàráńdà mi kí n lè tún un ṣe. Wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, oòrùn bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Mo po ọ̀dà. Alómi ti géètì, ó dún. Màmá ò yíjú. Ó tún dún nígbà tó ń jáde lọ, èmi ni wọ́n ṣì ń wò, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ojú tó ń retí yẹn ti lọ, mi ò sì kì í ya ohun tí kò sí níwájú mi. Mo palẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì mọ́.