Oko Heneghan

"Irọ́ lo pa fún obìnrin yẹn, Fintan! Irọ́ gbuu!"

Attracta Tarpey gbé kẹ́tùlù ka iná tagbáratagbára, omi sì ta jáde lẹ́nu kẹ́tùlù náà. Fintan àbúrò rẹ̀, tó nilé tí wọ́n jọ ń gbé, jókòó ti tábìlì, ó ń fi bọ́tà sára búrẹ́dì bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

"Àǹtí mi, ẹ rọra. Ó bi mí pé ibo ni ilé àwọn baba ńlá òun wà, mo fi ilé kan hàn án. Àbí kì í ṣe ilé ni?"

"Àwókù orí àpáta yẹn? Ewúrẹ́ ò lè gbébẹ̀!"

"Inú ẹ̀ dùn. Ó sunkún, ó fẹnu ko òkúta. Kí lẹ tún fẹ́?"

Ohun tó ń dun Attracta gan-an nìyẹn. Láti Australia ni Lorna ti wá sí àdúgbò wọn ní Mayo nítorí ìyá rẹ̀ tó kú. Ìran Heneghan ni ìyá náà, ó sì ti sọ kó tó kú pé kí wọ́n sun òkú òun, kí wọ́n lọ da eérú rẹ̀ síbi ààrò ilé tí wọ́n ti lé àwọn baba ńlá òun jáde. Attracta ló ń tọ́jú àwọn ìwé ìrìbọmi àtijọ́ ní ọ́fíìsì ìjọ. Òun ló bá Lorna wá orúkọ wọn, òun ló bá a yẹ ìwé ilẹ̀ wò títí wọ́n fi rí abúlé náà. Ibi tí ilé gan-an wà, ta ni ò mọ̀ ọ́n ládùúgbò? Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti di ti Fintan. Attracta rò pé ó máa ṣe bí ọmọlúàbí ló ṣe ní kí Lorna lọ bá a. Ó fi ẹja sọ́wọ́ ológbò.

"Ṣé kí n wá sọ fún un pé baba ńlá wa ló kó wọlé kí iná ààrò wọn tó kú?" Fintan ti ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kó lọ gba lọ́yà?"

"Lọ́yà wo? Ìtìjú lò ń sá fún!"

"Ìtìjú ni! Ṣé ẹ̀yin ò ní in ni? Àbí ẹ̀yin kì í ṣe Tarpey?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Nígbà tí onílẹ̀ lé àwọn Heneghan, gbogbo abúlé ló fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ wọn. Tarpey baba ńlá wọn gbà á. Títí tó fi kú, kò sẹ́ni tó bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, Fintan. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Lorna wọlé, òjò ti pa á, ó di báàgì kan mọ́ àyà.

"Ẹ káàsán o. Òjò ti ń dáwọ́, Ọ̀gbẹ́ni Fintan. Ṣé ká máa lọ? Mo fẹ́ da eérú màmá mi síbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

"Kò tọ́pẹ́ jàre," ni Fintan wí. Ojú ò tiẹ̀ tì í!

Attracta yíjú sí Lorna. Ó lanu láti sọ̀rọ̀, ni fóònù Fintan bá dún. Nuala ìyàwó rẹ̀ ló ń pè láti oko.

"Kí ló dé? Àwọn màlúù tún ti já wáyà? Háà, lé wọn kúrò ní oko Heneghan kíá, koríko ibẹ̀ ò tíì dàgbà!"

Ẹnu àìmẹ́nu ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti ìgbà baba ńlá wọn, kò sí Tarpey kan tó fi orúkọ ara rẹ̀ pe oko yẹn rí. Bí àwọn aládùúgbò ṣe ń pè é làwọn náà ń pè é.

"Oko ta ni?" Ohùn Lorna ti yí padà.

"Orúkọ lásán ni, ẹ má da ara yín láàmú..."

Lorna ò wo ojú rẹ̀. Attracta ló ń wò. "Màmá, oko ta ni?"

"Oko yín ni," Attracta dáhùn. "Ibẹ̀ ni ilé yín wà. Baba ńlá wa ló gbà á nígbà tí wọ́n lé yín. Òkúta ilé yín ló fi kọ́ ilé màlúù. Irọ́ ni Fintan pa fún yín, èmi náà ò sì tètè la ẹnu mi."

Fintan fọwọ́ lu tábìlì. "Tẹ́ ẹ bá mú un débẹ̀, ẹ má wọ ilé mi mọ́!"

"Ibi tí mo bá sùn, mo sùn." Attracta ti ń wọ bàtà rọ́bà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé oko náà, òkúta ààrò ṣì wà láàárín èsìsì, ó dúdú. Lorna kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Kò sunkún. Ó gbójú sókè wo ilé màlúù, ó wò ó pẹ́.

"Ibi tí ìyá yín sọ gan-an nìyí," Attracta wí jẹ́jẹ́. "Ẹ dà á."

"Rárá."

"Ẹ jọ̀ọ́..."

"Onílẹ̀ ni ìyá mi rò pó lé wọn. Kò mọ̀ pé aládùúgbò ló jókòó sí ààyè wọn!" Ó tún di báàgì náà mọ́ àyà. "Kí màlúù yín wá máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Láéláé. Màá gbé e padà sílé."

Attracta fẹ́ sọ pé ibí náà nilé. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò yẹ ẹnu Tarpey. Ó lọ ṣí géètì fún un.