Tannáposó Tó Wọ Ilé Àdúrà

Títí dòní, níbi jíjìn tí Àdìkẹ́ ń gbé, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, imú rẹ̀ a máa wá òórùn kan kiri.

Nígbà tí Germaine ìyá rẹ̀ wà láyé, tannáposó ló gbìn yí ilé wọn ká ní Bantè: òdòdó tí í sùn lọ́sàn-án, tí í lajú nírọ̀lẹ́, tí gbogbo àdúgbò á sì máa ta sánsán. Pupa fòò ni gbogbo wọn. Bó bá ká wọn lọ síjọ aláṣọ funfun tó ń lọ, Bàbá Alphonse tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á ní, "Germaine, o tún dé! Pupa kì í wọlé níbí." Á rẹ́rìn-ín, á kó wọn sórí ògiri níta.

Germaine kú lọ́dún 1981. Ohun kan ṣoṣo ni Àdìkẹ́ wá ń fẹ́: kí òdòdó ìyá òun wọlé lọ́jọ́ ìrántí rẹ̀.

"Funfun wà lọ́gbà òdòdó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Savalou," Célestin àbúrò rẹ̀ wí. "Ṣé kí n mú un wá, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìyá ta ló gbin ìyẹn? Ti ìyá wa ni mo fẹ́."

Célestin bá mú oògùn kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó rẹ irúgbìn tannáposó ìyá wọn sínú rẹ̀, ó lé adìẹ, ó lé Àdìkẹ́ pàápàá.

"Májèlé ni. Ó máa ń da inú irúgbìn rú, kí ọmọ lè yàtọ̀ síyàá, bóyá kó funfun."

"O rẹ ogún ìyá wa sínú májèlé?"

"Mo fi díẹ̀ sílẹ̀ tí n kò rẹ. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ọ̀pọ̀ ò hù. Àwọn tó hù tanná, pupa!

"Ọ̀gá onímájèlé, omi lásán lo mú bọ̀!" Àdìkẹ́ gbé ọkọ́, ó fẹ́ hú wọn dànù.

Célestin di ẹ̀rú ọkọ́ mú. "Ẹ jọ̀ọ́. Àyípadà náà lè fara pamọ́ sára ọmọ, kó wá yọ lára ọmọ-ọmọ. Ẹ jẹ́ ká gbin irúgbìn tiwọn."

Ọjọ́ ìrántí kọjá láìsí òdòdó. Àdìkẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ó kó irúgbìn náà pa mọ́. Nígbà tí òjò padà, ó gbìn ín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láàárín àwọn pupa, ọ̀kan lajú, ó funfun bíi lékeléke. Igbe tó ké, aládùúgbò sáré jáde tòun tomorogùn.

Lọ́jọ́ ìrántí, ó gbé e lọ sísìn ìrọ̀lẹ́. Ojú Bàbá Alphonse ti ń ṣú. Ó gba òdòdó náà, ó gbé e símú.

"Germaine," ó ní jẹ́jẹ́, "o tún dé."

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó yá, wọlé."